Nọ́ńbà Tí Ìyá Mi Máa Ń Kà Fún Mi

Fóònù ìyá mi kì í kú. Iná lè lọ ní Èsìẹ́ kó má dé títí èèyàn á fi gbàgbé pé òun ní gílóòbù lókè àjà, fóònù ìyá mi kò ní kú. Yóò gbé e lọ sílé ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, yóò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìpàdé àwọn obìnrin, yóò jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ èlùbọ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́ títí yóò fi kún. Ó rán àpò aṣọ kékeré kan fún un, ó fi okùn sí i, ọrùn rẹ̀ ló ń gbé e kọ́. Ó ń gbé e lọ sóko, ó ń gbé e bẹ iṣu, ó ń gbé e sùn. Bí ẹ bá rí i lórí àpáta níbi tó ti ń sá èlùbọ́, àpò yẹn tó ń fì síwá-sẹ́yìn lẹ máa kọ́kọ́ rí.

Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí rẹ̀, gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ lásìkò tí àwọn ọ̀dọ́ ń gba ibẹ̀ lọ sí Líbíà, tí wọ́n ní àwọn máa ti ibẹ̀ sọdá òkun. Ó pè lójú ọ̀nà, ó ní òun ti jẹun, ó ní kí Màámi má ronú. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Nọ́ńbà ìyá mi nìkan ṣoṣo ló mọ̀ lórí. Àwọn àgbà ní "ọmọ mi kú" yá ju "ọmọ mi nù" lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ létí ìyá mi.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn lọ forúkọ síìmù wọn sílẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dúró lórí ìlà ní Òmù-Àrán. Wọ́n ní kó fi ìka tẹ ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Ó nu ìka mọ́ ìró, ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Ọ̀bẹ iṣu ti bó gbogbo ìlà ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí ìka tèmi ṣe wọlé nìyẹn, tí láìnì náà fi wà lórúkọ mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo ṣì máa fi halẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi ni àbúrò, èmi ni mo dúró nílé. Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo sì ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Òmù-Àrán tó ń bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama àti àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í pariwo, ra kọ̀ǹpútà alágbára kan, èyí tí à ń pè ní sáfà, ó gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, a sì fi ọgbọ́n pín inú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà púpọ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ rò ó bí ilé kan tó ní yàrá rẹpẹtẹ. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà nínú yàrá tirẹ̀, ilé ìwòsàn kan wà nínú tirẹ̀, kálukú rò pé òun nìkan ló nilé. Ètò kan wà tó jẹ́ olórí ilé. Òun ló ń ṣí yàrá, òun ló ń ti yàrá, òun ló ń kọ́ tuntun. Èèyàn lè bá a sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn sì lè kọ ètò mìíràn, bí ọmọ iṣẹ́, kó máa lọ bá a sọ̀rọ̀ dípò ẹni.

Ọmọ iṣẹ́ yẹn ni mo kọ. Bí iná bá ṣe ségesège tí yàrá kan kú, òun ni yóò lọ bá olórí ilé pé kó jí i, kí n má baà máa sáré ti Èsìẹ́ wá. Àmọ́ olórí ilé kì í dá ẹni tí kò bá mọ̀ lóhùn. Wàá sọ orúkọ, wàá sọ páswọ́ọ̀dù. Bó bá gbọ́ méjèèjì tán, yóò tún fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ni orúkọ yẹn, wàá dá nọ́ńbà náà padà fún un, ìgbà yẹn ni yóò tó fún ọ ní àmì ìwọlé tí ọmọ iṣẹ́ rẹ yóò máa fi hàn lẹ́nu ọ̀nà. Àmì náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Bó bá ti bàjẹ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí "ta ni ọ́". Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó kanlẹ̀kùn á ní "àgò onílé", wọ́n á ní "ta nìyẹn", á ní "èmi ni", wọ́n á sì ṣílẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ò mọ "èmi ni".

Lọ́jọ́ tí mo ń tò ó, ó béèrè nọ́ńbà fóònù. Wọ́n ti ti láìnì tèmi nígbà náà, torí ti Màámi ni mo kọ́kọ́ sáré so pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń pariwo, mi ò tíì so tèmi. Ta wá ni mo mọ̀ tí fóònù ẹ̀ kì í kú? Mo tẹ nọ́ńbà ìyá mi sí i. Mo ní n ó yí i padà tó bá yá. "Tó bá yá" yẹn ò yá títí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe di òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí àmì ìwọlé bá ti bàjẹ́, n ó pè é láti ibi iṣẹ́, pé "Màámi, ẹ bá mi wò ó, nọ́ńbà kan ti wọlé." Á ní kí n dúró, ojú òun ń wá awò. Lẹ́yìn náà, á kà á bí ẹni tó ń pe nọ́ńbà orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ohùn gbangba, á sì tún un pè kó lè dá ìjọ lójú. Bí mo bá ní "Ó ti wọlé o, Màámi," á ní "Ògo ni fún Ọlọ́run," bí ẹni pé wọ́n gbẹ̀bí. Ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé èmi àti òun la jọ ń ṣiṣẹ́. Àwọn náà á máa fi ṣẹ̀fẹ̀, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ bá wa ka tiwa náà." Ó ń gbádùn ẹ̀.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Nígbàkigbà tí fóònù yẹn bá dún, kí n tó pè é, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí i nílé: ó dún, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fà á yọ nínú àpò, ó wò ó, ó ní "Háà, tìrẹ ni," ó sì tún mú ọ̀bẹ. Ọ̀nà tó là sílẹ̀ de ọmọ ẹ̀ ni mo sọ di ọ̀nà iṣẹ́ mi.

Ó wá di ọjọ́ kan, olórí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọmọ iṣẹ́ mi padà. Orúkọ pé, páswọ́ọ̀dù pé, nọ́ńbà pé, àmì ìwọlé wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Mo tún un kọ, pàbó. Mo tún un kọ, pàbó ló já sí. Ó yẹ kí n lọ bá ọ̀gá wa, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àmọ́ èmi tí mo ti fọ́nnu ńkọ́! Mo ti dúró níwájú ẹ̀ pé "Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu, ètò mi yẹn, bí omi ló ń ṣàn." Ẹnu wo ni n ó fi padà lọ sọ pé omi ò ṣàn mọ́? Ojú tì mí. Mo bá gba orí ìńtánẹ́ẹ̀tì lọ, níbi tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè, mo da gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó gbà mí. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí dáhùn pé àyè tí kò yẹ ni mo kọ àmì ìwọlé sí, pé iwájú ọ̀rọ̀ ló yẹ kó wà, kì í ṣe inú ẹ̀. Mo gbé e síwájú, ó wọlé. Mo fò sókè, mo lọ ra mọ́ínmọ́ín jẹ. Mi ò padà wo ohun tí mo dà síta.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, Alájì kan, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan láti Ṣàrẹ́, wà lọ́ọ́fíìsì wa. Wọ́n ń tẹ èsì ìdánwò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀, kò sì lọ. Gbogbo nǹkan ń fà bí ìgbín. Ilé ìwòsàn kan pè pé àwọn ò rí fáìlì aláìsàn kankan ṣí. Ọ̀gá wa wò mí, mo ní ẹ jẹ́ n wò ó. Mo ṣí ojú ìwé olórí ilé, mo wá rí yàrá tí mi ò kọ́. Kì í ṣe ọ̀kan. Ẹnì kan ti wọlé, ó ti kọ́ yàrá tirẹ̀ kún inú ilé wa, iṣẹ́ tí mi ò mọ̀ ló ń fi wọ́n ṣe, wọ́n ń jẹ agbára sáfà bí eéṣú. Mo wo orúkọ ẹni tó wọlé. Orúkọ mi ni. Páswọ́ọ̀dù mi, àti nọ́ńbà tó lọ sórí fóònù ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an.

Mo pe Màámi. Kó tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, igbe ayọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ mi! Ẹ̀gbọ́n ẹ pè mí! Láàárọ̀ yìí! Ó ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lòun náà ń ṣe níbi tó wà, ó ní kí n ka nọ́ńbà kan fóun, mo sì kà á fún un. Ó ní òun á tún pè!"

Mo ní, "Màámi, kí ló sọ gan-an?"

"Ó ní 'Ẹ káàárọ̀ Mà, èmi ni.' Mo ní 'Ṣé ìwọ ni, àkọ́bí mi? Ṣé ọ̀nà jíjìn yẹn lo ti ń pè?' Ó ní 'Èmi ni, Mà. Ọ̀nà jíjìn ni.'"

Òun fúnra ẹ̀ ló sọ olè náà lórúkọ. Mo gé fóònù. Ọ̀gá wa ní kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló wọlé? Níwájú Alájì, níwájú gbogbo ọ́ọ́fíìsì, mo dáhùn, mo ní "Ìyá mi ni."

"Ìyá ẹ ṣe kín ni?"

"Màámi ló ka nọ́ńbà fún olè."

Alájì gbọ́wọ́ lérí. "Àsìtàgàfúrúlàhì! Ìyá ẹ ní Èsìẹ́ ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ èsì ìdánwò àwọn ọmọ mi?" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo ṣàlàyé pé arúgbó ni, pé kò kàwé, pé wọ́n ti tàn án. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ, ìyá mi ni mo ń tì síwájú, tí mo ń sá sẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀gá wa ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká kọ́kọ́ lé olè jáde ná. Ó yí páswọ́ọ̀dù padà, ó fagi lé gbogbo àmì ìwọlé tó wà níta, a wá ń wó àwọn yàrá àjèjì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilé fi tún mí. Èsì ìdánwò ò sọnù. Ó ní kí n máa lọ sílé, àwọn á sọ̀rọ̀ lọ́la.

Ọ̀kadà ni mo gùn. Ẹ̀yìn ọlọ́kadà yẹn ni mo wà, a ò tíì jìnnà sí Òmù-Àrán, nígbà tí ó wá sọ sí mi lọ́kàn: ohun tí mo dà sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ wà níbẹ̀. Páswọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, gbangba. Nọ́ńbà ìyá mi náà wà níbẹ̀, nínú àyè tí ètò ti ń kà á. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọbẹ̀. Èmi ni mo la ògiri. Mo ń bá ara mi wí débi pé ọlọ́kadà yíjú padà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni?" Mo ní kó máa lọ jàre.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: mo ti mọ̀ kí n tó délé.

Mo bá ìyẹ́ adìẹ nílẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kọrin ọpẹ́, ọbẹ̀ ń hó, ìyá mi wé gèlè funfun. Bó ṣe rí mi, ó sáré wá, àpò fóònù ń fò láyà ẹ̀. "Ẹ wá wò ó! Àbúrò ẹ̀ ló dé yìí! Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n ẹ wà láàyè!"

Mo pariwo. Kí ni n ó tún pè é? Mo pariwo mọ́ ìyá mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n wo? Olè ni! Olè lẹ ka nọ́ńbà fún! Ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ wá ń pa adìẹ!"

Orin dá. Ìyá kan dìde, ó ní "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyá ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?" Màámi ní "Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀." Bó bá bú mi ni, ǹ bá dákẹ́. Ó dákẹ́, ni mo bá tún gbẹ́nu lé e. Mo ní, "Ẹni tẹ́ ẹ ń retí yẹn, bó bá wà láàyè, ṣé kò ní pè látọjọ́ yìí? Láìnì yẹn gan-an, lọ́la ni n ó lọ tì í. Orúkọ mi ló wà."

Ẹyin lohùn. Mo rí i bó ṣe bọ́ sílẹ̀. Ìyá mi di àpò fóònù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ìgbà téèyàn di ọmọ mú lójú omi. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ fún àwọn àlejò. Àwọn àlejò ní àwọn ti yó. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i pé ó dàárọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò kí mi. Èmi náà ò jẹun. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Kí n jáde kí n ní "Màámi, ẹ̀bi mi ni," ó wúwo lẹ́nu mi ju àpò èlùbọ́ lọ.

Nígbà tí mo jí, ó ti jáde. Mo rò pé orí àpáta ló lọ. Mo múra, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo dé ọ́ọ́fíìsì, mo bá bàtà ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó ń wọ̀ lọ sí àjọ̀dún Àjíǹde.

Orí eékún méjèèjì ló wà níwájú ọ̀gá wa. Ọ̀gá wa náà ti kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í dúró kí ìyá kúnlẹ̀ fún un. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé "Màmá, ẹ dákun ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí sí mi." Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, èmi ni mo dúró bí òpó. Mo rò pé nítorí iṣẹ́ mi ló ṣe wá bẹ̀bẹ̀. Inú mi tilẹ̀ fẹ́ dùn díẹ̀, Ọlọ́run má bínú.

Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ mi. "Ẹ bá mi bẹ ọmọ mi," ohun tó ń sọ nìyẹn. "Ó ń gbọ́ tiyín. Ẹ ní kó má ti láìnì mi. Èmi ni mo ka nọ́ńbà, mo ti jẹ̀bi, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe. Kó má ṣáà tì í."

Ìyá mi gun ọ̀kadà láàárọ̀ kùtù láti wá bẹ ẹlòmíràn kó bá òun bẹ èmi. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ǹtì yẹn. Mi ò mọ ẹni tí mo ń dọ̀bálẹ̀ fún nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá wa gbé Màámi dìde, ó fi í sórí àga tirẹ̀. Ó ní, "Màmá, ta ló ní a máa ti láìnì yín? Nọ́ńbà yín la kàn máa yọ kúrò nínú iṣẹ́ wa, kò gba àkókò kankan. Ó yẹ kó ti yọ ọ́ tipẹ́." Ìyá mi ní "Mo jẹ̀bi ṣá." Ọ̀gá wa wò mí. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó ti mọ̀, ó sì ń fún mi láyè kí n sọ ọ́ fúnra mi. Mo tẹjú mọ́ símẹ́ǹtì. Ó bá yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ Màámi.

"Màmá, nọ́ńbà tẹ́ ẹ kà nìkan ò lè ṣílẹ̀kùn. Olè ti ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù kó tó pè yín. Ọmọ yín ló gbé e sórí ìńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, mo rí i lálẹ́ àná. Nọ́ńbà yín náà nìyí." Ó fi ìka sí i. Mo ti gbàgbé pé mo kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà, bí àwa oníṣẹ́ yìí ṣe máa ń kọ ìránnilétí fún ara wa. Ọ̀gá wa kà á jáde: "'Fóònù Màámi. Pè é, á ka nọ́ńbà fún ẹ.'"

Ìyá mi na ọrùn. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀ ọ́n kà, kò lè ka ọ̀rọ̀, àmọ́ ó wò ó pẹ́. "Ó kọ Màámi síbẹ̀?"

"Ó kọ ọ́, Mà."

Ó mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wa, ó wọ bàtà ẹ̀. Ọ̀gá ní kí n sin Màámi délé, kí n padà wá tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Kò lé mi. Ì bá lé mi, ì bá tún rọ̀ mí lọ́rùn.

Ẹ̀yìn mọ́tò ni a jókòó sí, èmi àti òun àti àwọn mìíràn, tí ara ń kan ara. A dé Èsìẹ́. Ó bọ́ aṣọ ìjáde, ó ró ìró oko, ó lọ sórí àpáta lọ yí èlùbọ́ ẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín iṣu gbígbẹ, mo ní, "Màámi, mo ti mọ̀ kí n tó délé lánàá. Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo ṣì pariwo mọ́ yín."

"Mo gbọ́," ó ní. "Dìde, o ń tẹ èlùbọ́ mi."

Mo dìde. Mo bá a yí i díẹ̀. Ó wá tó àkókò kan, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ní, "Màámi, ṣé ẹ ò wá mọ̀ pé kì í ṣe ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni?"

"Mo mọ̀."

Ọwọ́ mi dúró.

"Ẹnu ẹ̀ kì í ṣe ẹnu wa," ó ní, ó ṣì ń yí iṣu. "Ẹ̀gbọ́n ẹ kò pè mí ní Mà rí láyé ẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ̀. Mo ní bóyá ẹnu ẹ̀ ti yí ni, àwọn tó pẹ́ lẹ́yìn odi, ẹnu wọn a máa yí. Mo mọ̀ pé tó o bá délé wàá sọ òótọ́ fún mi. Mo ní kí n yọ̀ díẹ̀ ná kó o tó dé."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi í pé ta ni?"

Ó dúró. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni àjèjì. "Kí n bi í? Tí mo bá bi í pé ta ni ọ́, tó bá wá jẹ́ òun ńkọ́? Kí ọmọ mi rìn la aṣálẹ̀ já, kó rí fóònù yá, kó pè mí, kí èmi ìyá ẹ̀ máa bi í pé ta ni ọ́?"

Láti ìsàlẹ̀ ilé, àwọn ọmọdé hó yèè, iná ti dé. Màámi yọ okùn kúrò lọ́rùn, ó nà án sí mi, ó ní kí n sáré kí wọ́n má tún mú iná lọ. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo fi ṣájà sí i kó máa gba iná.